Fìlà Signe Tó Di Tàdáwà

Rárá, Àǹtí LaVonne, mi ò ní jókòó! Ẹ gbé kọfí yín kúrò níwájú mi, kọfí kọ́ ni mo wá mu. Ṣé nítorí kọfí ni mo ṣe rin inú yìnyín wá sí yàrá tí ẹ ti ń fín ara fáwọn èèyàn, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìjẹ ìwọ̀ ẹja yìí? Fìlà ọmọ mi dà? Fìlà òwú aláwọ̀ ìyeyè tí èmi Marlys fọwọ́ ara mi hun, tí mi ò tíì hun tán tí Signe fi sáré wá sáyé, tí fọ́nrán òwú ṣì ń rọ̀ létí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a dé e fún un ní ọsibítù, ibo ló wà? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹ ń wolẹ̀. Ẹ kúkú wolẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọmọ yẹn lò láyé, fìlà yẹn nìkan ló sì gbé òórùn rẹ̀ dúró fún mi. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo ń fi í sí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo wá a tì, mo tú bẹ́ẹ̀dì, mo tú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo tú àpò ìdọ̀tí nínú òtútù, Wendell ọkọ mi kàn ń wò mí níran. Àná ló tó ṣí àyà hàn mí. Ẹyẹ! Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n fín sí àyà òsì! Ó ní ẹ̀yin lẹ fín in, ó ní òun jó fìlà náà di eérú nínú abọ́ yín, ẹ sì pò ó mọ́ tàdáwà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Olúwa mi ò! Ó ń rẹ́rìn-ín!

Ta ni kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín ní ìlú Duluth yìí? Bí èépá bá ti ṣí kúrò lára àwòrán tí ẹ fín, ìbànújẹ́ onítọ̀hún á bá a ṣí lọ. Mi ò bá yín jiyàn ìyẹn. Òfin tó wà lára ògiri yín ńkọ́, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ? Ẹni méjì tó bá ń sunkún òkú kan náà, wọ́n á jọ jókòó ni, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, inú ife kan náà ni tàdáwà wọn á ti wá. Èmi dà lọ́jọ́ náà? Ó ní mo ti gbà? Ẹ sì gbà á gbọ́? Ṣé ẹ ò ní fóònù ni?

Ó ń sunkún, ẹ ní. Hẹn, ó ń sunkún. Bí a bá ń sunkún, ṣebí à á máa ríran! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wà níbẹ̀, wọ́n jó fìlà orí ọmọ tuntun lójú yín!

Ẹ wá wo ọkọ mi báyìí. Ó ń yan ẹja, ó ń súfèé. Ó ní ká tún yàrá ọmọ kùn, ká sọ ọ́ di yàrá àlejò. Tẹ́lẹ̀, tí àwọn ìyá ìjọ bá ń pín kéèkì nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ẹ̀ a máa ń yọ́ lọ jókòó sínú ọkọ̀, a ó jọ sunkún títí èémí wa á fi bo gíláàsì ọkọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń sunkún nínú ọkọ̀ yẹn ju ọkọ ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ, mo fi Ọlọ́run búra. Sọ́ńdè tó kọjá, èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀. Òun ń jẹ kéèkì! Ọmọ lọ, ẹni tí a jọ ń sunkún ọmọ tún lọ. Ẹ ní ẹ wò ó sàn? Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi ni!

Kí lẹ tún ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn? Mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kẹ́yìn sí... Kí nìyẹn?

Ife oníderí. Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí... Orúkọ mi nìyẹn. Ìdajì tàdáwà náà ni? Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń tọ́jú rẹ̀ dè mí? Kí ló wá dé tí ẹ ò pè mí? Ojú ń tì yín. Ó yẹ kó tì yín! Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n gbọ́ òórùn rẹ̀.

Èéfín ni. Èéfín lásán ló ń rùn, Àǹtí. Signe mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ó dáa, ẹ dì mí mú.

Ẹ gbọ́, mi ò fẹ́ ẹyẹ. Fìlà ni kẹ́ ẹ fín sí mi lọ́rùn ọwọ́, bí mo ṣe hun ún gan-an, kí fọ́nrán òwú rẹ̀ máa rọ̀, kẹ́ ẹ má sì fín fọ́nrán náà dópin. Mo mọ̀ pé àwòrán tí kò parí kì í woni sàn tán. Ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn! Ẹ bá mi gbé èyí tó wúwo kúrò, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Níbi tí fọ́nrán bá sì dúró sí lọ́wọ́ mi, ẹ mú un bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Wendell, ẹ má ṣe parí tiẹ̀ náà, kí díẹ̀ nínú ìbànújẹ́ mi lè gba ibẹ̀ padà sí i lára, kó lè ku nǹkan tí a ó jọ máa sunkún lé lórí. Ó wakọ̀ tẹ̀ lé mi wá, ó wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ yọjú lójú fèrèsé kẹ́ ẹ pè é, kó wá di ọwọ́ mi mú. Tó bá béèrè bóyá ó máa dun òun, ẹ má purọ́ fún un o. Ẹ ní ó máa dùn ún, ẹ ní ìyàwó ẹ̀ ló ní kó dùn ún.