Èmi Ni Mo Fi Ọ̀nà Omi Abeli Han Àwọn Ará Siria

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ jókòó. Pelatia, ọmọ mi, sọ ẹrù tí ò ń dì yẹn kalẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ọba ti yàn ọ́ mọ́ àwọn ikọ̀ tó ń lọ sí Samaria láti lọ bá wọn dá májẹ̀mú, mo sì mọ̀ pé inú rẹ ń dùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ ọ nínú, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbé e wọ ibojì. Ẹ̀yin náà rí i pé èémí mi ti ń kúrú. Gbogbo Juda ló ń pè mí ní Mikneya tó gba ìlú là. Irọ́ ni wọ́n ń pa, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pa á. Ẹ má dá mi dúró bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ayé Asa, baba ọba tó wà lórí oyè báyìí, Baaṣa ọba Israeli kó ogun wá sí Rama, ó ń mọ odi síbẹ̀, ó sì dí ọ̀nà àríwá tó wọ Jerusalemu. Ọkà kò wọlé mọ́. Àwọn oníṣòwò ń ti ọ̀nà padà. Asa yìí kan náà ti ké pe Ọlọ́run rí nígbà tí àwọn ará Etiopia dé sí wa bí eéṣú, a sì ṣẹ́gun wọn, nítorí náà gbogbo wa ń retí pé yóò tún kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó ti di ọba ńlá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun lórí eékún mọ́. Ó ní ọba ńlá gbọ́dọ̀ ní ọba ńlá lọ́rẹ̀ẹ́. Ó ní kí a kó fàdákà àti wúrà inú ilé Olúwa, kí a gbé e lọ fún Benhadadi ọba Siria ní Damasku, kó lè da májẹ̀mú tó bá Baaṣa dá, kó sì gba ẹ̀yìn kọlu Israeli. Èmi àti Sakuri ọ̀rẹ́ mi ló rán. Ó ní, "Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́, ẹ fún wọn."

Aláwàdà ni Sakuri. Bí a ṣe ń di àwọn àwo wúrà náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ní, "Mikneya, tí ẹranko yìí bá fi mọ ohun tó gbé sẹ́yìn, á ní ká máa pe òun ní àlùfáà." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn. Wúrà Ọlọ́run ni mo ń kó jáde nílé rẹ̀, inú mi sì ń dùn, nítorí pé nínú gbogbo ìjòyè, èmi ni ọba yàn. Mo gbọ́ èdè Siria, mo sì mọ apá àríwá. Àbúrò mi obìnrin, Hogla, lọ́kọ sí Abeli ní ilẹ̀ Naftali, mo sì máa ń lọ kí wọn. Bí mo bá dé, ó máa ń fọ ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ìránṣẹ́ ṣe é.

Benhadadi gba ẹrù náà, ó sì gbà láti jagun. Lẹ́yìn náà, Matieli, olórí ogun rẹ̀, ṣe wá lálejò. Ọ̀dọ́ àgùntàn sísun wà níbẹ̀, àti ọ̀pọ̀tọ́, àti wáìnì tó lágbára. Ó ní Dani kò le, Ijoni kò le, Abeli ló ń dá òun lágara, nítorí odi rẹ̀ ga, bí òun bá sì jókòó tì í pẹ́, Baaṣa á dé bá òun níbẹ̀. Mo fẹ́ dá sí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ máa jẹun yín, ọ̀rẹ́ mi. Orí òkè yín nìkan lẹ̀yin ará Juda mọ̀. Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ Naftali? Àwọn darandaran wa ni mà á bi." Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Sakuri tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo fa ẹsẹ̀ mi kúrò.

Mo ní, "Mo mọ Abeli ju àwọn tó ń sùn síbẹ̀ lọ." Mo sọ fún wọn pé ọ̀nà kan wà lábẹ́ odi, tí àwọn obìnrin máa ń gbà lọ pọnmi níbi ìsun tó wà lẹ́yìn ìlú bí ogun bá dé. Mo júwe igbó tó bo ẹnu rẹ̀. Mo sọ ibi tó já sí nínú ìlú. Matieli dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu wáìnì fún mi, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí Hogla. Mo ní àbúrò mi ń gbé níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún òróró. Ó ní, "Mo fi Rimmoni òrìṣà wa búra, ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilé yẹn. Orúkọ yín ló máa ṣọ́ ọ." Mo gbà á gbọ́. Ìránṣẹ́ ọba tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wúrà rà kó lè da ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ni mo gbà gbọ́.

Nígbà tí a jáde, Sakuri ní, "Kí lo ṣe yẹn?"

"Iṣẹ́ ọba ni mo jẹ́."

"Wúrà ni ọba ní ká gbé wá, Mikneya."

"Ọba kò sọ pé wúrà nìkan."

Kò tún bá mi ṣàwàdà mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí a ń padà, a dé ìkóríta tó yà sí Abeli. Mo dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró. Sakuri ń wò mí. Mo rò ó pé bí mo bá kìlọ̀ fún Hogla, á sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á sọ fún ìlú, wọ́n á dí ọ̀nà omi náà, ète ọba á sì dàrú mọ́ mi lórí. Mo na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, a sì kọjá. Ẹ má sọ pé mo gbàgbé. N kò gbàgbé.

Ogun náà ṣẹlẹ̀ bí a ṣe fẹ́. Dani bọ́, Ijoni bọ́, Abeli bọ́. Baaṣa fi Rama sílẹ̀, ó sá relé. Ọba pe gbogbo Juda jáde láti wá kó òkúta àti igi tó fi ń mọ odi rẹ̀, àwọn ènìyàn ń kó o, wọ́n ń kọrin. Ọba wọ aṣọ ọlá fún mi níwájú wọn. Aríran Hanani nìkan ni kò yọ̀. Ó wá síwájú ọba, ó ní, "Siria lo sá tọ̀ lọ, o fi Ọlọ́run rẹ sílẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ogun kò ní tán lọ́rùn rẹ mọ́." Ojú ọba pọ́n. Wọ́n sọ Hanani sẹ́wọ̀n, wọ́n kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi àbà, ọba sì ní kí a máa mú ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ bíi tirẹ̀. Èmi wà lára àwọn tó ń jókòó lẹ́nu ibodè láti dá wọn lẹ́jọ́.

Ibẹ̀ ni Hogla ti bá mi. Irun rẹ̀ ti jóná ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò gbé nǹkan kan dání, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tẹ̀ lé e. N kò bi í léèrè wọn.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o." Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀nà omi ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n ń bèèrè ilé wa lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Wọ́n ní, 'Ilé àbúrò Mikneya dà?' Ọkọ mi rò pé ẹ̀yin lẹ rán wọn wá gbà wá ni. Ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni. Tí ẹ bá ní irọ́ ni, mà á gbà."

Olórí ẹ̀ṣọ́ yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mọ obìnrin yìí?"

Mo wò ó lójú. Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n rí. Baaṣa ló rán an wá bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ mú un lọ síbi tí aríran wà."

Kò pariwo. Nígbà tí wọ́n ń fà á lọ, gbogbo ohun tó sọ ni pé, "Òùngbẹ ń gbẹ mí." N kò ní kí wọ́n fún un lómi. Ó kú sẹ́wọ̀n kí àlìkámà tó gbó. Ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ìránṣẹ́ wá sọ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kò ti dùn mí mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ kú, Pelatia, tí ẹ ń sunkún, àwọn ènìyàn ní mo jẹ́ akíkanjú. N kò mọ nǹkan kan lára ni. Àní bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mò ń retí kó dùn mí, kò dùn mí.

Mo mọ̀ pé o kò lè kọ̀ fún ọba. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yìn ọ́ ní Samaria, tí ọkùnrin kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu wáìnì fún ọ, jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ará oko. Máa jẹun rẹ.

N kò mọ ẹni tí mo lè bẹ̀ kó dárí jì mí. Ọkùnrin Abeli ti kú, obìnrin Abeli ti kú. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Bí ẹ bá sin mí tán, ẹ lọ sí àfonífojì Kidroni, níbi tí wọ́n ń sin àwọn tí kò lẹ́ni sí. Ẹ ra òkúta kan tó dára, kí ẹ gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí ojú ènìyàn tó o. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ta ni, ta lẹ mọ̀ níbí, ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé Hogla ni, pé àbúrò bàbá yín ni.