Ṣé Akọ̀pẹ Wà Nínú Rẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí n kò mọ̀ mọ́ bóyá orí mi ló ń dàrú ni. Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ibùsùn mi níbi tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ géèmù ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí èèyàn lè máa fi ọwọ́ darí ohun tó ń sáré nínú rẹ̀. Ó ti dọ̀tí, okùn rẹ̀ ti já, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n ayé ìsinsìnyí tó lè bá a ṣe. Àwọn ọmọ Sìkírá, ọ̀rẹ́ mi, ló gbé e wá fún mi lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá wọn tán. Wọ́n ní ó ti kìlọ̀ fún wọn pé èmi nìkan ni kí wọ́n gbé e fún. Ọmọ mi obìnrin ní kí n lọ jù ú sí ààtàn, pé kí ni mo fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi lọ. Mo jókòó sórí àpótí, mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayé Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tó jẹ́ pé kàmáráàdì ni gbogbo wa ń pe ara wa, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, tí orin ìjọba sì ń jí wa nínú rédíò láràárọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìfọ̀nyìn, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìgólò níbi ẹnubodè. Rédíò ni mò ń tà, pẹ̀lú píìlì tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ nínú, àti kásẹ́ẹ̀tì orin. Sìkírá ní tirẹ̀ ní òdìkejì títì gan-an. Opó ni, ó ń dá tọ́ ọmọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé oníbàárà tó wá ra píìlì lè gbàgbé píìlì síbẹ̀. A jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan. Bí n kò bá sí nílé, òun ló ń bá mi tajà, èmi náà a sì bá a ta tirẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Èkó. Háà! Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan ọ̀kan. Ẹ̀rọ amúnáwá ń pariwo lẹ́yìnkùlé, gíláàsì tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀ yòò, ni bọ́ọ̀lù kékeré kan bá yọ, mo tẹ ohun tó wà lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀lù náà sì gbéra! Èmi ni mo gbé e! Títí di ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n bá fi hàn wá nínú tẹlifíṣọ̀n la ń wò, a kò lè dá sí i. Mo ju manẹ́ẹ̀tì tí mo ń tẹ̀ náà sílẹ̀, mo fọwọ́ bo ẹnu. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà nígbà náà, dúdú àti funfun. Mo mú dúdú, Sìkírá mú funfun, a ní kí a má baà máa bá ara wa du oníbàárà. Àṣé kásẹ́ẹ̀tì géèmù tí wọ́n ń kì bọ dúdú kò lè wọ funfun, ti funfun kò sì lè wọ dúdú. A kò ka ìyẹn sí nǹkan kan rárá.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi kí n tó máa lọ, nítorí àwọn ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀pẹ ni wọ́n. Kò sí oko ọ̀pẹ tí wọn kò tíì gun igi rẹ̀ láti ibí dé Banigbé. Tí wọ́n bá ti so igbà mọ́ ìbàdí, okùn tí akọ̀pẹ fi ń gbé ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ igi, wọn yóò máa gòkè lọ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, wọn yóò sì máa fi àwọn tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti orí ọ̀pẹ. Igbà já lọ́jọ́ kan, wọ́n jábọ́. Ẹsẹ̀ wọn kan gan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù, ẹ̀rín wọn ni. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu Bàbá mọ́. Mo gbé wọn wá sí ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọn a tọ́ ọ wò, wọn a ní ó dára, wọn a sì kọjú sí ògiri. Ẹ wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú ọmọ rẹ̀! Oògùn wo ni wọ́n ń rà fún ẹ̀rín?

Bí a ṣe wà nìyẹn tí géèmù kan fi dé sínú ẹ̀rọ funfun Sìkírá. Ọkùnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń gun igi gíga kan, ohun pupa sì wà lókè igi náà. Ẹyẹ ńlá a fẹ́ sọ ọ́ lójú, ejò a yọ sí i lójijì. Tó bá dé òkè, a já ohun pupa náà sílẹ̀. Tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, a jábọ́, orin kékeré kan a dún, a sì tún dìde nídìí igi. Tíṣà kan tó gbọ́ èdè tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ṣàlàyé pé atukọ̀ òkun ni, pé òpó ọkọ̀ ojú omi ló ń gùn, pé fìtílà ni àwọn ohun pupa náà. Ta ló dá a lóhùn? Ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, níbi tí ọ̀pẹ ti yí ilé ká, ta ni yóò rí ẹni tó ń gun igi lọ já ohun pupa lókè tí yóò pè é ní atukọ̀? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ìlú ti sọ ọ́ ní Akọ̀pẹ.

Ẹ̀yin èèyàn, ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Àwọn akọ̀pẹ gidi ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igbà léjìká, wọ́n ń yà sí ṣọ́ọ̀bù Sìkírá. "Igbà rẹ̀ dà?" ni wọ́n ń pariwo. "Kò de igbà! Wèrè wo lèyí?" Wọn a jókòó láti bá a wí, wọn kò sì ní dìde mọ́. Àwọn dúwánì tó ń ṣọ́ ẹnubodè ra ẹ̀rọ funfun. Àwọn tíṣà ra. Lọ́dọ̀ tèmi, èèyàn a gbé ẹ̀rọ dúdú sókè, a fọwọ́ pa á lára, a wá bi mí pé, "Ṣé Akọ̀pẹ wà nínú rẹ̀?" Mo ní, "Rárá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wà, ọkọ̀ wà, ìbọn wà, ó ju ti òdìkejì lọ dáadáa." Wọn a rọra gbé e padà sílẹ̀ bí ọmọ ọlọ́mọ. Wọn a sì sọdá títì.

Mo ní kò burú, ẹ̀rọ mi kò ní Akọ̀pẹ, ṣùgbọ́n mo lè dín owó rẹ̀ kù. Mo já a wálẹ̀. Àwọn mélòó kan wá lóòótọ́, inú mi dùn, ni ọjà bá tún dákẹ́. Mo fi píìlì ṣe ènì. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì kejì lé ènì náà. Ó dákẹ́. Mo tún já owó rẹ̀ wálẹ̀ sí i, ni ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, nítorí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìfura-tìfura. Wọ́n ní kí ló ṣe ẹ̀rọ náà? Ṣé omi wọ̀ ọ́ ni? Délégué, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa gan-an, wá dúró níwájú ọjà mi, ó da ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kàmáráàdì obìnrin, ọjà yín yìí ti pọ́ọ́kú jù. Ṣé kì í ṣe ẹrù olè?"

Mo búra fún un títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Sìkírá kò sì dín kọ́bọ̀ kù lára tirẹ̀! Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa láti ìhà Èkó, tí ọjà kò wọlé mọ́, ńṣe ló fi owó lé e, wọ́n sì ń rà á lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí àwọn èèyàn ń san ṣílè láti fi ṣeré nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ń wò ó láti òdìkejì, ẹnu mi kò lè padé. Ìbínú wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Èmi àti ẹ̀ ṣì ń kí ara wa, ṣùgbọ́n abọ́ ti di méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń to ọjà, ni mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn mi. "Ọmọ mi, mo ń lọ gun ọ̀pẹ." Kí n tó yíjú, wọ́n ti lọ, àti wọn àti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Yéè! Mo fi igbe ta. "Ẹ gbà mí o! Bàbá mi fẹ́ gun ọ̀pẹ!" Àwọn ará àdúgbò tú jáde, ó di oko ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé, gbogbo wa ń wo òkè, a ń pe Bàbá. Akọ̀pẹ kan tó wà lórí igi tirẹ̀ ń dá wa lóhùn láti òkè pé, "N kò rí wọn níbí o!" Aṣọ ti tú nídìí mi, n kò mọ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín kan láti ọ̀nà títì. Mo dúró gbagidi. Mo mọ ẹ̀rín yẹn.

Inú ṣọ́ọ̀bù Sìkírá ni wọ́n wà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, manẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ara sẹ́yìn bí ẹni tí igbà gbé dúró, wọ́n fi ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ti ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹni tó fi ti ara igi. Èrò yí wọn ká, wọ́n ń kígbe, "Bàbá, ejò! Bàbá, apá òsì!" Ọkùnrin kékeré náà ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó jábọ́, gbogbo èèyàn ṣe "yéè." Orin rẹ̀ dún, ó dìde. Bàbá mi ju orí sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n rí mi.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i? Ó já. Ó já, ó sì tún dìde!"

Mo na owó sí Sìkírá. Ó ti ọwọ́ mi padà.

"Ọ̀rẹ́ mi, gbé owó ẹ. Ṣé bàbá tìẹ nìkan ni?"

Ọjọ́ náà ni Bàbá jẹun tí wọ́n sì tún bèèrè sí i. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọdá lọ gun ọ̀pẹ. Èmi tí mo ń ta ẹ̀rọ dúdú, bàbá mi ń jókòó níwájú ẹ̀rọ funfun lójú gbogbo oníbàárà mi! Mo gba kámú. Ẹ̀rín dé ilé mi, kí ni mo tún ń wá?

Kò pẹ́ tí Sìkírá fi wá bá mi, ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan. Olówó kan láti Àjàṣẹ́ fẹ́ ra ẹyọ tó kù. Ó ní, "Àwọn ọmọ ni mo ń rò, ilé-ẹ̀kọ́ ti fẹ́ wọlé. Àmọ́, Bàbá ńkọ́?" Mo ní kó fún mi di ọjọ́ ọjà Ṣààdá, èmi ni n ó rà á. Mo di gbogbo ẹ̀rọ dúdú mi sí orí ọkọ̀, mo gbé wọn lọ sí Ṣààdá, mo gbé wọn lọ sí Banigbé, mo já owó wọn débi tí ẹ̀rù ń ba èmi fúnra mi. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: wọ́n tà tán! Kò sí ẹnì kan tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Wọn kò rí Akọ̀pẹ rí, wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan ń dín. Bọ́ọ̀lù tó gbéra ni wọ́n rí, wọ́n sì fọwọ́ bo ẹnu bí èmi náà ti fọwọ́ bò ó lọ́jọ́sí. Mo dúró láàárín ọjà, mo ń wo ojú wọn. Ẹ̀rọ tí Ìfọ̀nyìn kọ̀, òun náà ni Ṣààdá ń jà dù. Ẹni tó ti rí Akọ̀pẹ ni ẹ̀dínwó mi kò rí mú.

Mo kó gbogbo owó rẹ̀ fún Sìkírá, mo gbé ẹ̀rọ funfun wálé. Mo tò ó síwájú Bàbá, mo ní kí wọ́n máa gùn ún títí tó bá wù wọ́n. Wọ́n gùn ún dé òkè. Wọ́n já ohun pupa sílẹ̀. Wọ́n wá gbé manẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n wo yàrá yíká.

"Ta ló ń ṣa ẹyìn?"

Kò yé mi.

"Èmi kì í dá lọ sóko ọ̀pẹ, ọmọ mi. Bí mo bá ń kọ ọ́ lókè, àwọn kan ń ṣa nísàlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ mi. Gbé e padà."

Ohun tí mo ta gbogbo ọjà mi rà! Mo gbé e lórí, mo sọdá títì, mo gbé e ka orí tábìlì Sìkírá. Mo sọ ohun tí Bàbá wí fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní, "Tìẹ ni o. Mo kàn ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀ ni." Abọ́ wa tún di ọ̀kan. Bàbá sì ń gun ọ̀pẹ wọn níbẹ̀, àwọn èèyàn ń pe orúkọ wọn, títí wọ́n fi dàgbà kú, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó yé yín báyìí, ohun tí ọmọ mi ní kí n lọ jù sí ààtàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni? Ṣé kí n fún ọmọ Sìkírá padà? Àbí kí n jẹ́ kó wà lábẹ́ ibùsùn títí wọn yóò fi wá gbé èmi náà? Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń tajà ni wọ́n ń bi mí bóyá Akọ̀pẹ wà nínú rẹ̀, "rárá" ni mo sì ń dáhùn. Lónìí, ó wà nínú rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó ń bi mí mọ́ ni.