Ìlà Mẹ́ta Lókè, Mẹ́ta Nísàlẹ̀

Lọ́dún tí ìjọba ológun ń múra àtilọ, mo wọkọ̀ láti Ìjàn lọ sí Adó láàárọ̀ kan tí ọyẹ́ bo gbogbo oko, obìnrin kan sì jókòó níwájú mi pẹ̀lú bàbá aláṣọ funfun tó ń kọ ìran sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wọn.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fa ìlà pupa sábẹ́ 'ikú' nínú ìwé ìran, níbi ìran tí wọ́n rí sí mi. Ẹni tó dúró fún yín lọ́jọ́ tí mo wá da ìlà ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìkan kọ fún mi: 'Mo rí ikú lójúlé rẹ̀.' Láti ìgbà náà, mi ò rí oorun sùn. Mo ti kó àwọn ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìyìn."

"Ìlà kan ṣoṣo? Ọmọ mi, pupa yẹn kàn ń jẹ́ ká tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà ni. Tí mo bá ń da ìran kọ fún èèyàn, ìlà mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn."

Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nìyẹn, ó sì ṣí ìwé ìran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"'Odò funfun ń ṣàn níwájú ilé. Arábìnrin wa ń gbálẹ̀. Ó ń kọrin. Mo rí ikú lójúlé rẹ̀. Ikú dúró, ó ń gbọ́ orin náà. Ó yí padà. Ó bá odò lọ.'"

Obìnrin náà fi ìka tọ àwọn ìlà náà dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá, orin wo ni mo ń kọ?"

"Ẹni tó ríran ò sọ."

Títí a fi wọ Adó, obìnrin náà ń fi ohùn kékeré dán orin wò, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.