Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Tí Mo Fi Sẹ́nu Ọkọ Mi

Ọmọ mi ń pè mí lójoojúmọ́ báyìí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó lọ sí pápá, á pè mí, á bi mí pé ṣé mo ti jẹun, á ròyìn òjò ìlú wọn fún mi, á sì rẹ́rìn-ín. Ìyá wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn sí i? Inú mi ò dùn. N kò sì banújẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ti yọ eyín yín rí á mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́: ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ mọ̀ pé ara yín ni, ṣùgbọ́n kò jọ tiyín. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn láti nǹkan bí oṣù kan. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń kírun, mò ń se ọbẹ̀, mo sì ń dá ọmọ mi lóhùn. Irọ́ ló dá ọmọ yìí padà fún mi. Bí irọ́ náà bá tú, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Tèmi ò tilẹ̀ dùn mí mọ́, síbẹ̀ n kò lè gbé e mì. Ẹ bá mi jókòó.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi àti ọkọ mi fi gbé ní Ireland kí a tó kó wá sí Atlanta. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Àkànbí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, nígbà tí a dé ìlú kékeré tí a fi ṣe ilé níbẹ̀. Èmi ń ṣe nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ ń wa takisí. Àwọn ará ibẹ̀ ní bọ́ọ̀lù tiwọn, tí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú ẹgbẹ́ kan. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbé e, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì ń fi èjìká kọ lu ara wọn bí ẹni tó ti ń bára wọn jà láti ilé. Wọn kì í san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ń gbá a. Ẹni tó jẹ́ tíṣà, tíṣà ni. Ẹni tó jẹ́ káfíńtà, káfíńtà ni. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á bọ́ sí pápá nítorí ìlú wọn. Èmi ò mọ adùn rẹ̀. Ọkọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Òun ló ń gbé ọmọ lọ nínú òjò àti òtútù, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pẹ̀lú agboòrùn, á máa fi Yorùbá pàṣẹ fún un pé kó gbé e, kó sáré, kó gbá a, àwọn bàbá òyìnbó á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bìkítà.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Decatur, Àkànbí ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ní òun ò lọ síbì kankan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un sínú ẹgbẹ́ káńtì wọn ni, ẹgbẹ́ tó ń ṣojú gbogbo ìlú tó wà ní àgbègbè náà. Mo bínú, bàbá rẹ̀ bẹ̀ mí, a fi í sílẹ̀. Àwa méjèèjì wá ra ilé sí Loganville, ilé tó tóbi ju ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bàbá àti ọmọ kò fi ọjọ́ kan ṣàìkọ̀wé síra wọn lórí fóònù. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ọkọ mi ló máa ń parí sí "Bàbá rẹ ni o," bí ẹni pé ọmọ ò ní mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọdún tó kọjá ni jẹjẹrẹ yọ nínú ẹ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó bọ́ sí àsìkò tí ìdíje ẹkùn wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹkùn mẹ́rin ni Ireland pín sí, àwọn káńtì inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló sì ń bára wọn du ife. Káńtì tí wọ́n bá nà, ó di àmọ́dún nìyẹn. Ní káńtì tí Àkànbí ń gbá a fún, àwọn arúgbó nìkan ló rántí ìgbà tí ife náà wọ̀lú wọn kẹ́yìn. Lọ́dún yẹn, gbogbo èèyàn ń sọ pé ó máa ṣeé ṣe. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí a má sọ bí àìsàn náà ṣe le tó. A ní ẹ̀dọ̀ ń yọ Daddy lẹ́nu, wọ́n ti fún wọn lóògùn. Wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tiwa, mo fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn ọkọ mi, mo gbé kọ̀ǹpútà sí i nítan, ó wò ó tán láìlè sọ̀rọ̀ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni mò ń bá a kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Á sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èmi á kọ ọ́.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé. Ọjọ́ Ajé ni, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbá èyí tó ṣáájú àṣekágbá. Ọkọ mi ní kí n mú fóònù òun wá. Ó ní, "Kọ ọ́ sí i pé kó fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀, kó máa bọ̀. Mo fẹ́ rí i." Mo kọ ọ́. Mo wò ó títí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti rí ọ̀pọ̀ aláìsàn, mo sì fi ìmọ̀ tan ara mi jẹ pé ó kéré tán, ọkọ mi á lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ìyẹn ni mo ń sọ fáwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún: mo fẹ́ kí ọmọ mi gba ife náà. Èmi tí n kò mọ adùn bọ́ọ̀lù! Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo wọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́, mo ti fi yangàn. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo kọ òmíràn: "Gbá a dáadáa, ọmọ mi. À ń wò ẹ́. Bàbá rẹ ni o." Mo fi í ránṣẹ́. Ọkọ mi bi mí pé kí ló fèsì, mo ní ó ní òun ń bọ̀.

Ó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́rú, ó bi mí pé ṣé ọmọ ti wọ ọkọ̀ òfurufú, mo ní ó ti wọ̀ ọ́. Ó ní kí n gé èékánná òun, kí ọmọ má baà bá òun bẹ́ẹ̀. Mo gé e. Ó kú ní ìdájí Ọjọ́bọ.

Àwa Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pẹ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n sin ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alhaji tó ń gbé ní Jonesboro, ló darí gbogbo ètò, òun náà ló sì sọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́: "Ìyá Àkànbí, a kì í déédéé túfọ̀ fún ọmọ tó wà lájò lóun nìkan. Let him finish on Sunday, lẹ́yìn náà a ó wá ẹni tó máa jókòó tì í." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ mirí sí i. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe máa ń ṣe nílé. Nígbà tí ìyá mi kú, mò ń ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi pa á mọ́ fún mi. Mo sunkún, mo yíràá, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbẹ̀yìn. Mo rò pé ọmọ mi náà á dúpẹ́.

Wọ́n borí lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó wá ku àṣekágbá, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Alhaji ní a ti ṣe é dé ìdajì, kí a kúkú ṣe é tán. Ọmọ ń pè, mo ní Daddy ń sùn. Ó ní kí Daddy fi ohùn ránṣẹ́ sóun, mo ní ohùn wọn ò jáde. Mo wà nínú opó, nínú yàrá tí ọkọ mi kú sí, mo sì ń fi fóònù rẹ̀ dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Mo mọ bó ṣe ń kọ̀wé. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo bi í léèrè orúnkún rẹ̀. Mo ní kó má jẹun jù lálẹ́ tó ṣáájú. Ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ "Bàbá rẹ ni o." Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sunkún kí n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, kò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́. Bóyá ìgbà yẹn gan-an ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Wọ́n gba ife náà. Àwọn obìnrin tó wá bá mi kẹ́dùn ló yí mi ká lórí ẹní, a jọ ń wo kọ̀ǹpútà, nígbà tí oníròyìn na ẹ̀rọ sí ọmọ mi lẹ́nu. Ojú rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ó ní bàbá òun ni òun gba ife náà fún, pé ara wọn ò yá, pé wọ́n ń wo òun ní Atlanta. Nínú yàrá wa, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Obìnrin kan rọra dìde, ó lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Alhaji ló sọ fún un lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, lójú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ tí a bẹ̀ kó jókòó tì í. Ọmọ náà ò sunkún. Ó bèèrè ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní Mummy. "Ta ló wá ń kọ̀wé sí mi?" Ó wá sí Atlanta, láti pápákọ̀ òfurufú ló ti lọ tààrà sójú oórì, òtẹ́ẹ̀lì ló sì sùn sí. Kò wọ ilé mi. Nígbà tó padà, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò sì gbé fóònù mi fún oṣù mẹ́wàá. Ó sọ fún Alhaji pé òun lè gba ti àṣà, òun mọ̀ pé àwa Yorùbá ń pa òkú mọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n pé kí ìyá ẹni wọ ẹ̀wù bàbá ẹni wá máa bá ni sọ̀rọ̀, òun ò gbọ́ ọ rí.

Oṣù tó kọjá ni fóònù mi dún, mo rí orúkọ rẹ̀. Kò kí mi pẹ́. Ó ní, "Mummy, just one thing. Nínú gbogbo message yẹn, èwo ló jẹ́ ti Daddy gangan? The last one tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ."

Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ fún yín. Mo mọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn. Àsìkò tí Ọlọ́run fún mi láti sọ òtítọ́ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó má fún mi ní òmíràn. Mo la ẹnu, mo ní: "Èyí tí wọ́n ní kó o gbá a dáadáa, pé à ń wò ẹ́. Ìyẹn, àwọn ló sọ ọ́."

Ọmọ mi sunkún bí ọmọdé. Ó ní òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ìyẹn ni. Ó ní ẹ ṣeun, Mummy. Ó dárí jì mí! Láti ọjọ́ yẹn ló ti padà sínú ẹgbẹ́. Ó fi fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ti fi bírò kọ ọ́ sára báńdééjì tó ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́: À ń wò ẹ́. Mo wò ó, n kò mọ nǹkan kan lára.

Ìdíje ti ọdún yìí ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ó ní kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà níbi tí bàbá òun máa ń dúró sí. Alhaji, tí mo jẹ́wọ́ fún, ní kí n pa ẹnu mi dé, pé bí òtítọ́ bá fẹ́ tú ilé ká, kó lọ dúró níta. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ṣáájú Alhaji ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọkọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó pé. Ṣé kí n dákẹ́, kí ọmọ mi máa rẹ́rìn-ín sí mi? Àbí kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò ní kó gbá bọ́ọ̀lù kankan, pé ó ní kó máa bọ̀ wálé ni, àti pé ó kú níbi tó ti ń retí rẹ̀?