Ẹni Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà Gbé Sáré Jù

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà kan àti pásítọ̀ àgbà kan níwájú mi ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré.

"Sà, agbábọ́ọ̀lù tí mo wò nínú fídíò nílé míṣọ́nnárì, èèyàn mẹ́rin dì mọ́ ọn, ó wọ́ gbogbo wọn lọ! Kò sírú ẹ̀ rí."

"Ọwọ́ ṣáà tẹ ìyẹn. Nígbà tí mo ń kàwé lọ́hùn-ún, mo rí ọ̀kan tọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ò bà."

"Háà! Tẹ́ ẹ bá rí i lónìí, ṣé ẹ máa dá a mọ̀?"

Bàbá mirí. "Níbo? Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni gbogbo wa rí."