Abọ́ Ata Méje Láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìdí ẹ̀rọ ìlọta kan ní Òjé ni ọ̀rọ̀ òwò ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lára, níbi tí mo tò sí lẹ́yìn obìnrin méjì.

Èyí àgbà nínú wọn ló ń ráhùn. "Ìwọ nìkan, abọ́ méje? Ṣé ìnáwó lo fẹ́ ṣe ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ata àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni. Mo fẹ́ ta iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, kí n fi ra ẹ̀rọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ wà nílé gbogbo wọn. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá wọn yóò gbé ata jáde. Mo ń gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ń rù ú wá lọ̀ níbí; orí mi ni ẹ̀rọ náà báyìí."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń gbé e jáde?"

"Nínú àwẹ̀, ó tó ogún abọ́ lójúmọ́. Díẹ̀ ló kù kí n ta iyùn."

"Nínú àwẹ̀! Ọ̀lẹ pàápàá ń se sààrì. Méje tí àwẹ̀ ti lọ yìí ni kí o máa kà. Bó bá di mẹ́wàá, tà á."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí obìnrin alábọ́ méje náà lọ́nà Òjé, abọ́ orí rẹ̀ ni mo máa ń kà. Lánàá, mọ́kànlá ni.