Ilẹ̀kùn Yàrá Wa Tó Di Ti Ilé Ẹṣin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jókòó síbẹ̀ o! Gàárì ẹṣin ni, kì í ṣe àga! Mo mọ̀ pé ó jọ àga, ọkọ mi, àbúrò yín, ló kàn án mọ́ orí àpótí, ó ní káwọn àlejò máa rí nǹkan wò. Àlejò kan jókòó lé e lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbì ló balẹ̀, òun tó ṣubú ló tún ń bẹ̀ wá. Ẹ máa bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ kú ìrìn. Ẹ má wo ilẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi nìyẹn, káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni.

Ẹ wá wo ilẹ̀kùn yàrá wa. Ẹ wò ó dáadáa. Ó ní kí wọ́n fi ayùn gé e sí méjì láàárín, kí ìsàlẹ̀ máa wà ní títì, kí òkè máa ṣí sílẹ̀. Ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn ilé ẹṣin, kí ẹṣin lè yọ orí síta kó gba atẹ́gùn. Mo ní, baba, ta wá ni ẹṣin inú yàrá yìí? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, ó rẹ́rìn-ín! Káfíńtà ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin ilé kejì tó wá yá àkàbà fi gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orí abala ìsàlẹ̀, ó ń bèèrè àlàáfíà mi, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tí mò ń wá aṣọ tí mo máa wọ̀. Ṣé irú ayé tó kù kí n máa jẹ nìyẹn?

Rárá, mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú. Ẹni tó ń bínú ṣì lágbára lára.

Ṣé tilẹ̀kùn nìkan ni? Ẹ bá mi dé balùwẹ̀, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ló fi ṣe ibi tá à ń fi táwẹ̀lì kọ́. Ìjánu ló wà lára ògiri pálọ̀ yẹn, tòun ti ibi tí ẹṣin ti fi eyín jẹ lára ẹ̀. Ó kan irin pátákò sókè ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó ní ó ń mú oríire wá. Oríire wo? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló já bọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ìdérí ìkòkò, à bá jẹ ọbẹ̀ onírin. Kọ́tìnì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ńkọ́, aláwọ̀ ewé àti òféèfèé, bí aṣọ àwọn tó ń gun ẹṣin níbi eré ìje? Èmi ni mo rán an. Ẹ̀gbọ́n, èmi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, lórí máṣíìnì mi! Ó ní kí n jọ̀ọ́, mo sì rán an. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Nínú ilé tèmi, kò sí òwe mọ́, ẹṣin nìkan ló kù.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Mi ò bú ẹṣin. Ẹṣin ló bọ́ wa, ẹṣin ló rán àwọn ọmọ níléèwé. Ẹ̀yin lẹ fà mí lé àbúrò yín lọ́wọ́, ẹ sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé olùtọ́jú ẹṣin ni, kì í ṣe akọ̀wé. Mo ní mo gbà, mo sì gbà á lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ sí pápá eré ìje, tó bá dé nírọ̀lẹ́, oúnjẹ á wà lẹ́nu ẹ̀ tí oorun á ti gbé e lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Mò ń fi ìfẹ̀yìntì tu ara mi nínú. Mo ní, ọjọ́ kan ń bọ̀, àwa méjèèjì á jọ máa mu tíì láàárọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á bi mí léèrè ohun tí mo rán lánàá, èmi náà á bi í ní tiẹ̀. Ìyẹn nìkan. Ṣé mo ní kó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì fún mi ni?

Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wá dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wálé! Gbogbo ògbólógbòó nǹkan tí wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ ló kó wá.

Lóru, tó bá ti sùn lọ, ọwọ́ ẹ̀ á máa rìn bọ̀ wálẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi, á di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, á gbé e sókè: "Gbé e, gbé e, ọmọ dáadáa." Ṣé ẹ gbọ́? Pátákò mi ló ń yẹ̀ wò!

Ẹ rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rín in títí.

Àmọ́ ti fọ́tò yẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín. Fọ́tò ìgbéyàwó wa, ó yọ ọ́ kúrò láàárín pálọ̀, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà iná, ó fi ti ẹṣin kan rọ́pò ẹ̀. Ẹṣin tó gba ipò kejì! Ká tiẹ̀ ní ó gba ipò kìíní, ǹ bá gba kámú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹṣin yẹn yàtọ̀, ó ní ó máa ń dá ìrìn òun mọ̀ láti ẹnu géètì, á sì ti kọjú sọ́nà kóun tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Èmi ńkọ́? Ta ló ń gbọ́ ìrìn ẹ̀ láti ẹnu géètì nínú ilé yìí, tó ń sáré lọ gbé omi kaná? Bó bá ń tiro díẹ̀, mo ti mọ̀. Bí wọ́n bá ti bú u níbi iṣẹ́, mo ti mọ̀ látara bó ṣe ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé àárò àwọn ẹṣin ń sọ ọ́. Ṣé mo ní kó má sọ ọ́ ni? Nírọ̀lẹ́ á jókòó sọ́hùn-ún, á máa wo ògiri. Màá sọ̀rọ̀ títí, á ní "ẹn". Màá bi í ní nǹkan, á ní "ẹn". Gbogbo ìyẹn ti mọ́ mi lára bí orin.

Kí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe? Mi ò ní kẹ́ ẹ bá a jà. Ilẹ̀kùn ti gé, ó ti gé náà nìyẹn. Kó má yọ nǹkan kan kúrò lára ògiri. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kun igi kan lọ́dà. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló máa ń wọ̀ ọ́ létí. Ẹ sọ fún un pé ìyàwó ẹ̀ ní kó máa bọ̀ nílé.

Ẹ ní ilé náà kọ́ ló wà yẹn?

Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní iṣẹ́ ti parí. Kó máa bọ̀ nílé.